Ìgbà tí Bàbá Ládàánì Wọn Ọ̀nà Ìlọrin

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé òórùn sìmẹ́ńtì tútù ni èèyàn fi ń mọ̀ pé òun ti wọ Ọ̀tà. Nígbà náà, kò sí igbó tí wọn kò gé, kò sí oko ẹ̀gẹ́ tí wọn kò kó búlọ́ọ̀kù sí. Bí wọ́n bá fi ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan lélẹ̀ lónìí, òmíràn á ti máa gbẹ́ ilẹ̀ níwájú rẹ̀ kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, yunifásítì sì ń hù láàárín wọn bí olú. Gbogbo ilé wọ̀nyí ló ń wá ẹni tí yóò tẹ́ táìlì sí wọn nílẹ̀. Èmi lẹni náà. Mo bá ọ̀gá mi kúrò ní Ìlọrin, tèmi ti àpò irinṣẹ́, a wá tẹ́ táìlì sí ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì tuntun kan. Mo gba yàrá kan ní Ìjokò, mo sì gbà lọ́kàn mi pé láti Ṣàngó títí dé Agbára, kò sí ọmọkùnrin tó já fáfá tó mi. Mo wà ní ọjọ́ orí tí èèyàn máa ń rò pé gbogbo ayé ló ń wo bàtà òun.

Àárín ìlú Ọ̀tà ni mo ti rí aránṣọ náà. Ọmọ ládàánì ni, àmọ́ aṣọ akọrin ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹgbẹ́ akọrin, tí kò sì sí ẹgbẹ́ akọrin tó fẹ́ kí aṣọ òun jọ ti aládùúgbò, ta ni yóò rán gbogbo rẹ̀? Bàbá rẹ̀ á pe ìrun tán ní mọ́sáláásí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, á wọlé, á bá aṣọ akọrin aláwọ̀ àlùkò tó kún orí àga rẹ̀, á rọra kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á jókòó. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, ṣòkòtò kan ni mo gbé dání pé kó bá mi rán an. Ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó ní, “Níbo ló ti ya?” Mo ní kò tíì ya, àmọ́ ó máa ya láìpẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ mi sì bùṣe. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di alágbàárù rẹ̀. Bó bá rán aṣọ akọrin tán, èmi ni mo ń ru àpò rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ìgbà kan, aṣọ ń jáde lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni pé kò ní tán mọ́, àpò sì ń di méjì-méjì léjìká mi, síbẹ̀ mi ò béèrè rí pé ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ wọ gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wa dàgbà, ọ̀gá mi tẹ̀ lé mi lọ bá bàbá rẹ̀. Ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó jọ pé inú máìkì mọ́sáláásí ló ń ná gbogbo ohùn rẹ̀ sí. Àdúgbò kò mọ ohùn míràn ní Àsùbáà, wọn ò sì mọ òmíràn ní Ìṣáì. Òtítọ́ ni pé ó ní igbákejì, ọkùnrin rọra-rọra kan tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí máìkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fùú, fùú, fùú, kó tó sọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n Àílà àti Àlàásárì ni wọ́n máa ń fún un pè. Bàbá bi mí bóyá Ọ̀tà ni èmi àti ìyàwó yóò máa gbé. Mo ní rárá, bí iṣẹ́ yunifásítì bá parí, Ìlọrin ni mò ń padà sí, torí ìyá mi nìkan ló wà nílé. Bàbá wo ilẹ̀. Ó ní, “Ìlọrin jìnnà.”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ibi tó yẹ kí n ti dọ̀bálẹ̀, kí n sì dákẹ́, ibẹ̀ ni mo ti fò dìde lórí ẹní. “Ìlọrin kẹ̀? Bàbá, ẹ̀yìnkùlé ni Ìlọrin wà! Ẹ lè pe Àsùbáà níbí, kí ẹ lọ kí Àílà ní Ìlọrin, kí ẹ sì padà wá pe Ìṣáì sórí máìkì yín.” Ọ̀gá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà, àmọ́ ó ti pẹ́ jù.

Bàbá gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ó dáa náà, ọmọ Ìlọrin. A máa lọ wọ̀n ọ́n. Bí àdúgbò bá gbọ́ ohùn mi ní Ìṣáì ọjọ́ yẹn, o ti fẹ́ ọmọ mi. Bó bá jẹ́ ohùn igbákejì mi ni wọ́n gbọ́, kó o lọ fẹ́ ọmọ Ìlọrin ẹgbẹ́ ẹ.” Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Mo wo ojú ọ̀gá mi, mo rí i pé òun kò rẹ́rìn-ín rárá.

A mú ọjọ́ Sátidé, torí pé ọkọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ kì í pọ̀ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ní ilé wọn, ọmọbìnrin kì í dá sí i níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ló ń jókòó sí. Bí a ṣe dárúkọ Sátidé yẹn ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ikọ́ kékeré ni lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí a tún un sọ, ó di ikọ́ ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun. Bàbá ní kí ìyá rẹ̀ bá a wá oyin. Ní tèmi, inú mi dùn dé ibi tó lápẹẹrẹ. Mo rò pé ayọ̀ ló ń fún un lọ́rùn. Wọ́n sì kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ fojú kanra títí tí bàbá yóò fi lọ, tí yóò fi bọ̀. Lẹ́yìn ọ̀rẹyìn ni mo tó gbọ́ pé ọmọbìnrin náà ní kí ìyá rẹ̀ sọ fún bàbá pé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ ṣe nǹkan lọ́jọ́ náà, tí bàbá sì dáhùn pé, “Ìlọrin ni mò ń lọ. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.”

Ọjọ́ pé. Bàbá pe Àsùbáà, ó kírun tán, ó wé láwàní funfun, ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó jókòó síwájú nínú Pìjó awakọ̀ kan tó máa ń ná ọ̀nà Ìlọrin láti gáréèjì Ṣàngó. Èmi wà lẹ́yìn. Ayọ̀ ń pa mí bí ọtí. Gbogbo ìlú tí a bá dé ni mò ń fi han bàbá bí ẹni tó ń ta ilẹ̀.

“Bàbá, ẹ wo Abẹ́òkúta, a ti kọjá ẹ̀.”

“Mo rí i.”

“Bàbá, Ìbàdàn rèé. Ṣé ẹ rí i pé kò jìnnà?”

“Mo ti mọ Ìbàdàn kí wọ́n tó bí ẹ.”

Awakọ̀ ń rẹ́rìn-ín sínú. Níbi tí ọ̀nà bá ti dára, mo máa ń dákẹ́ kí bàbá lè gbádùn rẹ̀. Níbi tó bá ti bàjẹ́, mo máa ń yára béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà rí kòtò. Kí a tó dé Ọ̀yọ́, bàbá ti kọ́ mi ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan nípa àlùwàlá.

Lẹ́yìn Ọ̀yọ́, ó yíjú padà sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́. “Ọmọ Ìlọrin, o rò pé mo kàn ń fi ẹ́ ṣeré ni?” Mo ní rárá. Ó ní, “Mùsùlùmí ni wá. Bí mo bá kú láàárọ̀, wọn ò ní jẹ́ kí oòrùn wọ̀ kí wọ́n tó sin mí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Mo fẹ́ kó rí ojú mi kí wọ́n tó bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ohun tí mò ń wọ̀n nìyẹn.” Awakọ̀ na ọwọ́, ó pa rédíò. Àánú bàbá ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí, torí mo wá rí i pé ọ̀nà tí mo ti ń polówó láti àárọ̀, mi ò mọ ohun tí ẹni tó fẹ́ rà á fẹ́ fi ṣe. Nígbà tó yá, mo ní, “Bàbá, yóò bá yín.” Ó yíjú síwájú. Ó ní, “A máa rí i.”

Oòrùn ti wà láàárín orí nígbà tí a wọ Ìlọrin. Bàbá kí Àílà ní mọ́sáláásí tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wí. Ó kù ká yíjú padà, àfi bí ìyá mi ṣe jókòó dè wá. Ìyá mi ò mọ̀ pé ọ̀nà la wá wọ̀n. Ó ti tẹ́ ibùsùn, ó ti pa àgbò, ó ti pe gbogbo agbo ilé, ó sì ti bọ́ sí aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Lọ́dọ̀ wa, àna tó kọ́kọ́ wá kí èèyàn kì í lọ láìsùn. Bó bá lọ, ìjà ló bá lọ. Nígbà tí bàbá ní òun fẹ́ máa padà, ìyá mi kúnlẹ̀. “Ẹ̀yin àna mi, kí la fi ṣẹ̀ yín?”

“Ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá. Ilé yín dùn mọ́ mi. Ìṣáì ló ń pè mí ní Ọ̀tà.”

Ìyá mi wò mí bí ẹni pé mo ti mú wèrè wọlé. Mo fà á sí kọ̀rọ̀, mo là á yé e. Ó gbá mi létí díẹ̀, ó ní irú ẹnu wo ni mo ní yìí, lẹ́yìn náà ló wá di ẹni tó ń sáré jù wá lọ. Ó kó ìrẹsì àti ẹran sínú kúlà, ó gbé wàrà dídín lé bàbá lẹ́sẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn ọkọ̀. “Ẹ máa sáré lọ! Ẹ máa sáré! Kí ni ẹ tún ń wò?” Kí a tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá ti jẹ wàrà náà dé ìdajì. Ó ń pọ́n ìka lá. “Ẹ̀yin ará Ìlọrin mọ nǹkan-an ṣe,” ló wí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ àwọn ọmọ tí mo fẹ́ bí lórúkọ nínú mi.

Ọ̀nà náà ṣí kalẹ̀ fún wa lọ́jọ́ náà bí ẹní. A kí Àlàásárì lẹ́bàá ọ̀nà, a kí Màgàríbì ní Ìfọ̀. Láti Ìfọ̀ sí Ṣàngó, láti Ṣàngó sí ilé, kí ló tún kù? Mo ti ń kọrin. Awakọ̀ ń bá mi gbè é. Bàbá pàápàá ń fi ìka lu orúnkún.

A dé Ṣàngó, orin kú mọ́ wa lẹ́nu. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ọkọ̀ bo ọ̀nà láti etí dé etí, bọ́ọ̀sì gbọọrọ láti Èkìtì, láti Ẹdó, láti Kàdúná, èèyàn sì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú wọn pẹ̀lú ẹní, pẹ̀lú Bíbélì, pẹ̀lú àpótí ìjókòó, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù tó ń dán ń darí wọn. Mo yọrí lójú fèrèsé, mo ní kí ló dé. Ó ní, “Ẹ kú ìfaradà o, bọ̀dá. Ọjọ́ ìparí kọnfẹ́nṣàn wa ni.” Ìgbà yẹn gan-an ni ikọ́ ẹ̀yìn kọ́tìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi. Mo ti ru aṣọ ọjọ́ náà léjìká fún odindi oṣù kan, mi ò sì béèrè.

Bàbá wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Kò bínú. Ó ní, “Láti Ìlọrin dé ibí, ohunkóhun ò dí wa. Ìlú ara mi ni ọ̀nà ti wá gùn.” Pupa tó wà lójú ọ̀run, tó jẹ́ pé bó bá ti wọ̀ ni Ìṣáì tó, ti fẹ́ wọ̀ tán. Ọkọ̀ wa kò mira. Mo káwọ́ lérí, èmi ọmọkùnrin tó já fáfá jù láti Ṣàngó dé Agbára.

Bọ́ọ̀sì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó kún fún akọrin. Mo wo aṣọ ọrùn wọn: aláwọ̀ àlùkò, etí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ wúrà. Ìyá àgbà tó jẹ́ olórí wọn yọjú. “Háà! Ṣebí alágbàárù aṣọ wa rèé! Kí lò ń wá níbí?” Mo fi igbe sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ojú fèrèsé kan sí èkejì, Àsùbáà, Ìlọrin, wàrà, Ìṣáì, ìyàwó tó fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bọ́ọ̀sì náà bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ìyá náà fi sọ̀ kalẹ̀. Ó wá síwájú ọkọ̀ wa, ó kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà pẹ̀lú aṣọ tuntun lọ́rùn. “Bàbá, ẹ̀yin lẹ bí aránṣọ wa?”

Bàbá di etí aṣọ náà mú, ó gbé e súnmọ́ ojú. “Orí àga mi ni èyí wà lọ́jọ́ Túsìdeè,” ló wí. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. “Mi ò wò ó rí. Ọmọ yìí mọ aṣọ rán o.”

“Ó mọ̀ ọ́n rán, Bàbá. Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kò ní bàjẹ́.” Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo akọrin bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ohùn tí wọ́n ti tọ́jú de kọnfẹ́nṣàn, fún wa ni wọ́n kọ́kọ́ ná an. “Ẹ yà o! Ẹ yà fún Bàbá! Bàbá ń lọ pe ìrun!” Àwọn tó wà níwájú gbà á lẹ́nu wọn, àwọn mìíràn tún gbà á. Àwọn tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ń pariwo ju àwọn tó mọ̀ lọ. Ọ̀nà là. Wọ́n fa ọlọ́kadà kan wá. Bẹ́ẹ̀ bàbá ti búra pé òun ò ní gun ọ̀kadà láyé òun. Ó wo ojú ọ̀run, ó wo ọ̀kadà, ó kó agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó ní, “Ọmọ Ìlọrin, gbé mi gùn ún.”

Ọlọ́kadà wà níwájú, bàbá wà láàárín, èmi wà lẹ́yìn, láwàní wà lọ́wọ́ mi, agbádá sì bò mí lójú. Awakọ̀ wa ń kígbe lẹ́yìn pé, “Baba, hold am well o!” Mo gbọ́ ohùn kan tó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni. Bàbá ni.

Bí a ṣe yà sí àdúgbò, máìkì hó. Fùú. Mo kígbe sí ọlọ́kadà pé kó yára. Fùú. Bàbá na ọwọ́ síwájú bí ẹni pé ó lè dá a dúró. Fùú. Ó ti parí nìyẹn. Mo di ojú. Ni mo bá tún gbọ́ fùú. Òmíràn tún tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e, fùú, fùú, bí ẹni tó ń koná. Ọ̀kadà kò tíì dúró tí bàbá fi bọ́ sílẹ̀. Bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́ kù sójú ọ̀nà. Ó sáré wọlé ní orí òfìfo, ó gba máìkì lọ́wọ́ igbákejì rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì jáde, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ láàárín ọ̀rọ̀, ó ń gbọ̀n, ó ha, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni. Àwọn èèyàn yọrí lójú fèrèsé. Mo jókòó sílẹ̀ nínú eruku, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún.

Ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin ni mo ti rí aránṣọ mi, okùn ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Láti Màgàríbì ló ti dúró síbẹ̀. Kò bẹ igbákejì ládàánì pé kó má pe ìrun o, ohun tó sọ fún un kò ju pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán máìkì yẹn wò dáadáa.” Lẹ́yìn ìrun, bàbá dìde níwájú gbogbo jàmáà. Ó ní, “Ìlọrin ò jìnnà. Láti Ṣàngó sí ilé mi ló jìnnà. Ẹ bá wa mú ọjọ́ ìgbéyàwó, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ mi bóyá kò ní ikọ́.”

Ó ti pẹ́. A gbé Ìlọrin, a bímọ níbẹ̀, bàbá sì wá sùn lọ́dọ̀ wa lọ́pọ̀ ìgbà títí ìyá mi fi dárí jì í. Ìpè tí bàbá ń bẹ̀rù náà dé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn Àsùbáà: wọ́n ní bàbá ti kú. A wọkọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi kọ́ ni mo ń ka ìlú. Ìyàwó mi ni. “Ọ̀yọ́ rèé,” á wí jẹ́ẹ́jẹ́. “Ìbàdàn rèé.” Nígbà tí a dé Ṣàngó, ó di ọwọ́ mi mú pinpin, àmọ́ ọ̀nà ṣí. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí a dé ilé. Àwọn àgbààgbà jókòó lórí ẹní, wọn ò tíì gbé e jáde. Igbákejì rẹ̀ àtijọ́, tó ti di ládàánì tó sì ti hu ewú, dìde pàdé wa. Ó ní, “Bàbá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, pé ká dúró dè yín. Ó ní òun ti wọn ọ̀nà yẹn.” Ìyàwó mi wọlé, ó rí ojú bàbá rẹ̀.

Nígbà tí Ìṣáì tó, a jókòó síwájú ilé. Ládàánì fẹ́ atẹ́gùn sí máìkì: fùú, fùú, fùú. Ìyàwó mi gbórí sókè. Ọkùnrin náà dúró díẹ̀ kó tó pe ìrun, bí ẹni tó ṣì ń fetí sílẹ̀ bóyá ọ̀kadà kan ń bọ̀.